Star San: Apakòkòrò fún Ẹni Tí Ó Ń Pọn Bíà Nílé

Ó máa ń dunni púpọ̀ kí odidi garawa bíà bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo wàhálà tí a ti ṣe. Star San wà lára ohun tí a lè fi dènà irú àdánù bẹ́ẹ̀, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà fún un, bí ẹni tí ó rà á bá ti mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ásíìdì ni, pẹ̀lú èròjà tí ó ń mú un hó bí ọṣẹ. Nǹkan bíi mìlílítà 30 ni a ń pò mọ́ omi lítà 19, bí ó bá sì ti wà lára ohun èlò fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kòkòrò àìfojúrí yóò ti dín kù dé ibi tí ìwúkàrà wa (yíìsì tí ó ń sọ ọ́ di ọtí) yóò fi borí èyí tí ó ṣẹ́ kù. A kò ní í fi omi ṣan án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹ̀rù ìfófòó inú garawa máa ń bà, ṣùgbọ́n kò ba ọtí jẹ́ rárá. Omi tí a bá fi ṣan án gan-an ni ó lè kó kòkòrò mìíràn wọlé. Àpòpọ̀ rẹ̀ ṣeé tọ́jú, bí pH rẹ̀ (nọ́ńbà tí ó máa ń kéré bí ásíìdì bá ṣe lágbára tó) kò bá ṣáà ti kọjá 3.

Àmọ́ kì í ṣe ọṣẹ, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Bí ọtí bá ń kan léraléra, ẹ tú táàpù ara garawa, kí ẹ yọ rọ́bà ìdí rẹ̀: ẹ óò sábà bá ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó ń yọ̀ lọ́wọ́, tí ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ibi tí a ti ń yí i mọ́ garawa, tí òórùn kíkan sì ń jáde lára rẹ̀. Bí a tilẹ̀ da apakòkòrò gba inú táàpù náà láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní í wọ abẹ́ ìdọ̀tí yẹn. Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Garawa oníke tí inú rẹ̀ ti họ kò yẹ ní lílò mọ́, ní tèmi.

Bí ọtí bá ń kan bíi fínígà, Acetobacter, kòkòrò àìfojúrí tí ó ń sọ ọtí di fínígà, ni a ó fura sí, afẹ́fẹ́ sì ni ó fi ń gbèrú, nítorí náà ìdérí ni kí a yẹ̀ wò. Bí ó bá ń rùn bíi bọ́tà, tí ó sì ń fà bí a ti ń dà á, Pediococcus, kòkòrò àìfojúrí mìíràn, ni a ó fura sí. Bí ìgò mélòó kan péré bá bàjẹ́, inú ìgò ni kí a ti wá a. Bí gbogbo wọn bá bàjẹ́, ó ti wọlé kí a tó rọ ọtí sínú ìgò.