"Omi Ò Jìn," Ni Wọ́n Wí: Ọkọ̀ Ojú Omi àti Àgọ́ Alẹ́ Kan Lórí Odò Dúdú, Adjarra

Gbólóhùn kan ló mú mi kọ èyí: "Ẹ̀gbọ́n, omi yẹn ò jìn." Arábìnrin tó ń gbowó fún àwọn tó gbé wa lọ ló sọ ọ́ létí Odò Dúdú, ní Adjarra nítòsí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, nígbà tí mo bi í pé láìfù jákẹ́ẹ̀tì àbúrò mi dà.

Àwa mẹ́rin la fẹ́ wọkọ̀ lọ́jọ́ náà: èmi, àbúrò mi obìnrin, àti tọkọtaya kan láti Jámánì. Wọ́n ti sọ fún wa lórí fóònù pé kálukú ló máa ní jákẹ́ẹ̀tì. Méjì péré ló wà nílẹ̀, arábìnrin náà sì kó méjèèjì fún àwọn òyìnbó. Kò tilẹ̀ bi wá pé ta ni kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Àbúrò mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Ìyàwó ará Jámánì yẹn ló bọ́ tirẹ̀, ó fi bo àbúrò mi léjìká, kò sọ nǹkan kan. Ojú tì mí fún ẹni tí a jọ ń sọ Yorùbá.

Bàbá tó máa tukọ̀ kò dá sí ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀pá ọparun rẹ̀, ó gún un sódò níwájú ọkọ̀. Ọ̀pá ń lọ, ó ń lọ, títí ó fi ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lókè omi. Ó fà á yọ, ó nà án ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ibi tí omi dé lára ọparun ga ju orí mi lọ dáadáa, omi sì ń kán láti ara rẹ̀ sí mi léjìká. Ó wá yíjú sí arábìnrin náà, ó ní, "Ọmọ mi, ránṣẹ́ lọ mú ìyókù wá. Mi ò ní tú okùn."

Láti aago mẹ́sàn-án títí aago mọ́kànlá fi kù díẹ̀ la fi jókòó kí ọlọ́kadà tó gbé jákẹ́ẹ̀tì méjì tó kù dé. Arábìnrin náà wá ní ká san 2,000 sẹ́fà owó ọ̀kadà. Owó ohun tí a ti sanwó fún tẹ́lẹ̀! A fa ọ̀rọ̀ náà títí, mo sì san án torí oòrùn ti ń mú. Ó ṣì ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n bí Bàbá ṣe tú okùn tán, tí èbúté pòórá lẹ́yìn wa, ara mi rọ̀. Ẹni tó bá ti dé Àjàṣẹ́, tó rí bí mọ́tò àti ọ̀kadà ṣe ń han, kò ní gbà pé irú ìdákẹ́jẹ́ yìí wà nítòsí ìlú náà. Igi ògùrọ̀ ló pa orí pọ̀ mọ́ra lókè odò, ewé wọn tó ń jábọ́, tó ń jẹrà sísàlẹ̀, ló ń pa omi láró. Bí èèyàn bá bu omi náà sọ́wọ́, ó rí bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, àmọ́ kò rùn. Ẹ̀gà ń pariwo lórí ìtẹ́. A kọjá lára obìnrin kan tó ń gbé ìgèrè rẹ̀ wò, òun àti Bàbá kíra lédè Ègùn, wọn ò dẹ àjẹ̀ dúró. Níbi tí wọ́n ti ń sè ṣódabì, a dúró wo bí wọ́n ṣe ń gbé emu kaná nínú dúrọ́ọ̀mù, tí ooru rẹ̀ ń gba páìpù kọjá nínú omi tútù, tí ọtí fi ń kán sínú ìgò.

Ọkọ̀ náà ti pẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán níbì kan, wọ́n fi àkísà dí i, omi sì ń jò wọlé díẹ̀díẹ̀. Bàbá fi ìdajì kẹ́ẹ̀gì lé mi lọ́wọ́, mò ń gbọ́n omi dà nù. Èyí ò bí mi nínú. Ó ti sọ fún wa kí a tó wọkọ̀.

Àgọ́ ló tún dá wàhálà sílẹ̀. Síìpù tiwa ò ṣe é tì, bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣèlérí kò sí, oṣù Ṣẹ́rẹ́ sì ni, ọyẹ́ ń mú. Bàbá ló yọ pín-ìnnì lára fìlà rẹ̀, tó fi dé ẹnu àgọ́ fún àbúrò mi. Ó fi ògùṣọ̀ dáná, ó kó èèpo ọsàn gbígbẹ sí i nítorí ẹ̀fọn, ó sì bọ́ agbádá rẹ̀ kí àbúrò mi fi bora. Ìyàwó rẹ̀ ti di ẹ̀kọ àti ẹja díndín fún un láti ilé, ata rẹ̀ ta gan-an, ó sì dùn. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ló ń bọ́ wa, àmọ́ mo rí ẹni tó gbé oúnjẹ náà wá.

A jókòó ti iná pẹ́. Ègùn ni bàbá rẹ̀, Nàgó (Yorùbá ilẹ̀ Benin) ni ìyá rẹ̀, ó ní láti kékeré lòun ti ń tukọ̀ lórí odò yìí. Nígbà tí a jí láàárọ̀, ìkùukùu ti bo omi, ó sì ti jókòó sínú ọkọ̀, ó ń fi àkísà tuntun dí ojú ibi tó ń jò.

Nígbà tí a padà dé, mo béèrè owó bùláńkẹ́ẹ̀tì àti 2,000 wa. Arábìnrin náà ní ọ̀gá ò sí níbẹ̀, kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lórí WhatsApp. Wọ́n kà á, wọn ò fèsì.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ó lè gba ọ̀nà ẹnubodè Ìdíròkó sí Ìgòlò. Ẹ wo ọjọ́ ọjà Adjarra, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ná an, ẹ ó rí ìlù rà níbẹ̀. Ẹ ka jákẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó. Ẹ gbé aṣọ ìbora yín dání.

Ìràwọ̀: 4 nínú 5. Àbúrò mi ní a tún máa lọ lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì ti gba nọ́ńbà Bàbá.