Ibi tí a ti ń yá àga àti sónò fún eré wa ní Àjàṣẹ́: onísónò wọn ló ń mú mi padà lọ

Ẹni tó bá ń darí ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé tí kò lówó lọ́wọ́, tó sì ń wá ibi tí yóò ti yá àga, àtíbàbà àti sónò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kó gba ọ̀nà Ouando lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà kò jìnnà sí ọjà. Kò ní pátákó. Àga rọ́bà funfun tí wọ́n tò léra kan àjà lẹ ó fi dá a mọ̀, àti màmá kan tó máa ń jókòó síwájú wọn, ìwé ìṣirò lórí itan rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń lọ báyìí, mi ò sì rò pé n óò kúrò níbẹ̀ láìpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi àti Màmá ti fa ọ̀rọ̀ lórí àga rí.

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà ńlá. Tí mo bá ti pa ìsọ̀ dé nírọ̀lẹ́, mo di olùdarí eré. Ẹgbẹ́ wa kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni: aránṣọ wà níbẹ̀, ẹni tó ń wa zém, ọ̀kadà akérò, wà níbẹ̀, onídìrí wà, àwọn ọmọ ilé ìwé wà, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù náà wà. Olúkúlùkù ń dá 500 fáráńkì lóṣooṣù, ẹni tí kò bá rí i dá ni yóò gbá àgbàlá ilé ìwé tí a ti ń dánra wò. A kì í gba owó ìwọlé. Igbá la fi ń yí èrò ká bí eré bá parí, ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀ la fi ń san gbèsè. Torí náà, bí mo bá ní nǹkan wọ́n tàbí kò wọ́n, ojú igbá yẹn ni mo fi wò ó, ojú ọlọ́jà sì ni pẹ̀lú.

Iye tí Màmá ń pè nìyí. Àga kan, 50 fáráńkì. Àtíbàbà ńlá kan, 5 000. Sónò kékeré pẹ̀lú ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀, 15 000; èyí tó tóbi, tí wọ́n ń gbé lọ síbi ìgbéyàwó, 40 000. Jẹnẹrétọ̀, 10 000, ẹ̀yin lẹ ó ra epo. Ìdajì owó lẹ ó kọ́kọ́ san, wọ́n sì ń gba MoMo, owó orí fóònù. Mo ná owó àga, ó gbà; mo ná ti àtíbàbà, ó gbà díẹ̀. Nígbà tí mo dé orí sónò, ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, “Ọmọ ló ń bá sónò lọ, ọmọ kì í ṣe àga.” Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó.

Ọmọ yẹn gan-an sì ni ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí a ti ń yá nǹkan tẹ́lẹ̀, mi ò ní dárúkọ wọn, sónò ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n á gbé báfù (àpótí tí ohùn ń gbà jáde) gìrìwò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, wọ́n á fún wa ní míkírò oníwáyà kan ṣoṣo, ó wá di kí òṣèré máa nà án sí òṣèré. Ẹ wo ọba tó ń bínú sí ìjòyè rẹ̀, tó tún ní láti na míkírò sí i kí ìjòyè lè rí ẹnu fèsì. Èyí tó burú jù ni ti ọkùnrin tó kú nínú eré. Ó ti kú tán, wọ́n ti da aṣọ funfun bò ó, ìyàwó rẹ̀ ń sunkún bọ̀ láti apá kejì, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ni òkú bá yọ ọwọ́ lábẹ́ aṣọ, ó na míkírò sí opó. Ìran tó yẹ kó mú èrò sunkún di àpárá. Títí dòní, àwọn ọmọdé àdúgbò Attakè ń pe òṣèré náà ní Òkú Onímíkírò, ó sì ti ń dáhùn báyìí.

Ọmọ ọ̀dọ̀ Màmá, ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi mí kó tó gbé ohunkóhun. “Tàǹtí, ta ló máa sọ̀rọ̀ jù, ibo ni yóò sì dúró sí?” Ó ní òun fẹ́ wá wo ìdánrawò. Mo ní kò sí owó fún ìyẹn o. Ó ní òun ò béèrè owó. Ó sì wá lóòótọ́, ní ọjọ́ tí kò sí òde. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí àwọn ọmọdé máa ń wà, ó gba ìwé eré kan lọ́wọ́ wa, ó ń fi bíírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò dé etí rẹ̀. Ohùn ìyá àgbà inú eré kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Nígbà tí a jókòó sinmi, ó lọ bá onídìrí wa tó ń ṣe ìyá àgbà náà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń gúnyán, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí wa.” Ọ̀rọ̀ tí èmi ti sọ títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó! Ẹnu onísónò ló ti wá gbà á, lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ eré, báfù kékeré ló kó wá. Kò gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Iwájú ló gbé wọn lọ, lórí ẹsẹ̀ gíga, wọ́n kọjú sí èrò, wọ́n kọ̀yìn sí ìtàgé. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí báfù bá wà lẹ́yìn míkírò, ohùn tó ń ti inú báfù jáde ni míkírò yóò tún gbé, yóò dá a padà sínú báfù, báfù yóò tún tú u jáde, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po títí yóò fi súfèé. Ó to míkírò mẹ́ta sílẹ̀ létí ìtàgé, ó fi fóòmù bò wọ́n lórí nítorí afẹ́fẹ́, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Òkú Onímíkírò ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ó tún ní àwọn míkírò kékeré aláìníwáyà méjì, irú èyí tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ. Ọba gba ọ̀kan. Bí ọba bá ti mí, ìyùn ọrùn rẹ̀ á kan míkírò, kọ̀ kọ̀ kọ̀, bí ẹni pé àlejò wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí ọba bọ́ ìyùn sílẹ̀. Ọmọ náà ní, “Tàǹtí, ọba kì í bọ́ ìyùn.” Ó yọ míkírò kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ etí adé, níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ ní iwájú orí, ó fi pílásítà lẹ̀ ẹ́, ó da wáyà rẹ̀ gba ẹ̀yìn ọrùn wọ inú agbádá. Ohùn ọba mọ́ gaara, kò sì sí ẹni tó rí nǹkan kan nínú èrò.

Aago márùn-ún la máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, torí pé iná ń jẹ owó. Nígbà tí Màgàríbà bá tó, a ó dá eré dúró. N kò sọ ìyẹn fún un rí, ṣùgbọ́n kí mọ́ṣáláṣí tó pe ìrun ló ti pa gbogbo ohùn, ó ti ń pààrọ̀ bátìrì àwọn míkírò kékeré. Owó bátìrì náà wà nínú ìwé Màmá lọ́jọ́ kejì, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá kọ́sítọ́ọ̀mù wa kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ míkírò yìí. Ọmọ Kétu ni. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí ayé gbọ́ òun, kó la ẹnu. Ó máa ń sọ ti Ẹ̀fẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọrin lójú ọjà lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ìlú á gbọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Á ní ohun tí UNESCO rí nìyẹn tí wọ́n fi kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, tí wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2008. Á ní báfù ò sí nínú ìwé náà. Onísónò gbọ́ ọ tán, ó ní, “Bàbá, ṣé zém ń kọjá lójú ọjà lóru ìgbà yẹn?” Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àmọ́ ẹ̀yìn Bàbá ni mo wà bó bá kan ìdánrawò. A kì í tan míkírò kankan títí di ìdánrawò ìkẹyìn, nítorí òṣèré tó bá ti mọ̀ pé míkírò ń bọ̀, inú ikùn ni yóò máa sọ̀rọ̀ sí.

Àléébù wọn náà kò kéré o. Ọjọ́ Sátidé, ẹ má dán an wò. Sátidé jẹ́ ti olókùú àti ti onígbéyàwó, àgàgà bí ọdún bá ti ń lọ sópin. Ẹni tó yá 100 àga kò lè bá ẹni tó yá 600 du ọkọ̀. Ní Sátidé kan, aago méjìlá la fi àdéhùn sí. Nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn dé, aago mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, àwọn àgbà ti ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Màmá kò tọrọ àforíjì. Ó ní àwọn olókùú ò tètè dìde. Ọjọ́ Àìkú sàn: láti ṣọ́ọ̀ṣì ni àga á ti wá tààrà lẹ́yìn ọ̀sán, ìwé orin ẹnìkan ṣì lè wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré ní 27 oṣù kẹta, ọjọ́ tíátà àgbáyé tí wọ́n ti ń ṣe láti 1962, kò ní rí ẹni bá a du nǹkan, àfi kó gba àtíbàbà kún un nítorí àkọ́rọ̀ òjò. Ti 1 oṣù kẹjọ, ọjọ́ òmìnira, ẹ ti san ìdajì owó kó tó ku oṣù kan.

Ní ti àtíbàbà, ẹ má gba aláwọ̀ búlúù. Lọ́sàn-án, gbogbo ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa ń rí búlúù, pupa aṣọ ọba á sì di dúdú. Funfun ni kí ẹ béèrè, kódà bí wọ́n bá ní ó ti dọ̀tí. Iná wọn kò tó nǹkan: méjì ni wọ́n ní, funfun gbòò, kò ṣeé dín kù. A máa ń fi aṣọ àdìrẹ tó ti gbó díẹ̀ bo ọ̀kan kó lè rọ̀, a sì jẹ́ kí ó jìnnà sí gílóòbù náà kó má baà jó.

Ọ̀rọ̀ àga wá kù. Màmá ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí eré bá parí lóru, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, yóò máa kà wọ́n, èmi náà á máa kà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan tó sanra jókòó sórí ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ àga ṣẹ́. Màmá ní 4 000. Mo ní kí wọ́n gbé e wá sábẹ́ iná. Ibi tó ti ṣẹ́ ti pọ́n, erùpẹ̀ ti wọ inú ìlà rẹ̀. Kì í ṣe ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ là á. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní kí n mú 2 000 wá nítorí pé ọlọ́jà ni wá. Mo mú 1 000 wá. Ó gbà á, ó wọ́ àga náà lọ, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kó ẹrù tán. Lọ́sẹ̀ kejì ó wá ra aṣọ lọ́wọ́ mi, ó ná an bí ọ̀tá. Ní báyìí, aránṣọ wa ló ń gba àga: á dojú wọn dé, á fi ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó bá ti là, á padà sínú ọkọ̀ níwájú awakọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ariwo rẹ̀ ni kò dára. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n mú wáyà gígùn wá, kí ẹ lè gbé e sẹ́yìn ilé. Màmá kò gbà kí a da payó, epo fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wá, sínú rẹ̀. Á ṣí táńkì, á gbóòórùn. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní 2023, payó inú ìgò lẹ́bàá títì náà ti gbówó lórí, ohun tí èèyàn ń rí fi pamọ́ níbẹ̀ kò tó owó jẹnẹrétọ̀ tó bá bàjẹ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ Sakété àti Pobè, wọ́n ń gbé nǹkan wá bá yín, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó sónò. Ẹ yá àga nílé, ẹ wá mú onísónò nìkan. Kí ẹ sì dárúkọ iṣẹ́ yín dáadáa. Onísónò méjì ló wà lọ́dọ̀ Màmá. Èkejì, ohùn gbígbé sókè nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá ní ayẹyẹ ni, òun ni wọ́n máa rán sí yín. Ẹ ní eré ni.