Káàdì Zero Delay àti Ẹnu Oníhò 37: Bí Mo Ṣe Ń Pààrọ̀ Pátákó Bọ́tìnnì Lára Àpótí Géèmù Mi

Ó ti lé lọ́dún kan tí àpótí géèmù tí mo fọwọ́ ara mi kàn ti wà ní pálọ̀ wa lápá Èbúté, Ìkòròdú. Àpótí náà kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tó ń jẹ́ kí n yọ pátákó bọ́tìnnì kan (pátákó tí ọ̀pá àti bọ́tìnnì tí a fi ń gbá géèmù wà lára rẹ̀), kí n sì gbé òmíràn sí i láìpẹ́ rárá, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹni tó bá ti gbá Pac-Man, èyí tó jáde ní 1980, mọ̀ pé ọ̀pá kan tó ń lọ ọ̀nà mẹ́rin ló nílò. Street Fighter II ti 1991 ní tirẹ̀ ń fẹ́ ọ̀pá ọ̀nà mẹ́jọ àti bọ́tìnnì mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fi ọ̀pá ọ̀nà mẹ́jọ gbá Pac-Man, o fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ọ̀pá á bọ́ sí igun, Pac-Man rẹ á dúró sójú kan, iwin á sì gbé e mì. Pátákó kan kò lè ṣe méjèèjì dáadáa.

Níbẹ̀rẹ̀, abẹ́ pátákó kọ̀ọ̀kan ni mo so káàdì Zero Delay tirẹ̀ mọ́ (káàdì kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ bọ́tìnnì tí a tẹ̀; ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni “kò sí ìdádúró”), tó fi jẹ́ pé wáyà USB nìkan ni mò ń yọ. Ó rọrùn, n kò ní parọ́. Àmọ́ orúkọ kan náà ni káàdì ti ẹni kìíní àti ti ẹnì kejì ń jẹ́ fún Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú àpótí. Bí mo bá yọ wọ́n tí mo tún kì wọ́n bọ̀ ọ́, ìgbà míì wà tí ẹni kìíní á di ẹnì kejì. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á figbe ta: “Bọ̀dá, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́, tiẹ̀ ló ń rìn!”

Mo bá kó káàdì méjèèjì sínú àpótí, mo fi ìdè dè wọ́n mọ́ ibẹ̀, n kò sì yọ wọ́n mọ́. Wáyà lásán ló wá ń ti abẹ́ pátákó jáde wá sí ẹnu ìsopọ̀ kan tó ní akọ àti abo. Ẹnì kan nílò wáyà 12: mẹ́rin fún ọ̀pá, mẹ́fà fún bọ́tìnnì, ọ̀kan fún owó, ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì jẹ́ 24. Mo rí i pé ẹnu oníhò 25 á gbà á, ihò tó kù á sì jẹ́ ti gíráǹdù, wáyà ìpadà tí gbogbo bọ́tìnnì jọ ń lò. Inú mi dùn sí ìṣirò yẹn gan-an.

Ìṣirò yẹn náà ló já mi kulẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, gbogbo bọ́tìnnì kú lẹ́ẹ̀kan náà, ti ẹni kìíní àti ti ẹnì kejì. Mo rò pé káàdì ti jó. Ìgbà tí mo fi mítà wò ó, ihò 25 nìkan ni kò dáhùn: lẹ́ẹ̀dì (òjé) tí mo yọ́ fi lẹ wáyà mọ́ ọn ti sán, ó rí bí irun orí, torí pé wáyà ń fì, kò sóhun tó dì í mú. Wáyà 24, ẹyọ ihò kan ló gbé gbogbo wọn.

Bí mo ṣe ra oníhò 37 nìyẹn. Mo fún gíráǹdù ní ihò mẹ́rin, méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wáyà rẹ̀ tó ń ti bọ́tìnnì kan bọ́ sí òmíràn, mo dá orí rẹ̀ padà sídìí, kó di òrùka. Bó bá já níbì kan, ìyókù á ṣì máa ṣiṣẹ́. Mo tún ra ìbòrí oníṣíkúrù tó ń di wáyà lọ́rùn mú, ẹ má fi èyí ṣeré.

Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ ẹnu náà. Ìlà òkè ní ihò 19, ti ìsàlẹ̀ ní 18. Ẹ̀yìn ni mò ń wò, mo sì ń kà á bí ẹni ń wo iwájú, ni 1 bá di 19. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi tú u. Nọ́ńbà wà lára rọ́bà rẹ̀, kékeré báyìí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Káàdì náà dára fún owó rẹ̀. Kò sí káàdì tí kì í fi àkókò díẹ̀ ṣòfò, ohun yòówù kí orúkọ rẹ̀ máa wí, àmọ́ ọwọ́ mi kò rí i rí. Wáyà tó bá a wá ló tín-ín-rín jù, ìdí rẹ̀ ló ti ń já. Ẹ wo fífẹ̀ ẹnu irin rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó: bọ́tìnnì ilé iṣẹ́ Sanwa ń gba 2.8 mm, àwọn tó ní máíkíróswíìṣì ńlá (swíìṣì kékeré tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì) ń gba 4.8 mm. Máíkíróswíìṣì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta; COM (ẹsẹ̀ àjọlò) àti NO (èyí tí kì í so àfìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́) ni kẹ́ ẹ lò. Bí ẹ bá lo NC (èyí tó ti so kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́), géèmù á rò pé ẹ ò gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

Atẹ́gùn ọ̀sà níbí ń mú irin dúdú kíákíá, nítorí náà inú ọ̀rá ni mo ń tọ́jú pátákó tí a kò lò sí.

Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbá tiyín, ẹ fi káàdì sábẹ́ pátákó kọ̀ọ̀kan, ó tó. Fún ẹni méjì, oníhò 37 ni màá tún rà. Ihò mẹ́sàn-án ló ṣì ṣófo lára tèmi, mo fẹ́ fi méjì gbé iná 5V lọ sí bọ́tìnnì. Látìgbà yẹn lọ, màá máa pa àpótí kí n tó yọ pátákó.