Ìbọn ọdún 1967 ni mo ní kí wọ́n yá mi

AK-74, ìbọn sójà tó ń dún tatatata, kò tíì sí láyé nígbà ogun Òrè! Ohun tí mò ń tẹnu mọ́ nìyẹn ní ilé ìyálò ohun èlò eré kan ní Àkúrẹ́ títí ohùn mi fi há. Oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya, wọ́n gba Bìní, wọ́n sì tẹ̀ síwájú dé Òrè kí sójà ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà. Ọdún 1974 ni àwọn sójà Soviet ṣẹ̀ṣẹ̀ gba AK-74. Èyí tí wọ́n kó fún mi tilẹ̀ tún burú: rọ́bà dúdú látòkè délẹ̀, irú èyí tó jáde lẹ́yìn ọdún 1990. Bẹ́ẹ̀ mo kọ ọdún eré wa gàdàgbà sínú ìwé tí mo fún wọn.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìbọn sójà náà ni. Ta ló máa mọ̀?"

Ta ló máa mọ̀ kẹ̀! Òrè la ti fẹ́ ṣeré. Àwọn àgbà tí ogun náà ṣojú wọn, tó ń wí pé "Ó le kú, ìjà Òrè", iwájú ni wọ́n máa jókòó sí. Mo ní Lee-Enfield, ìbọn àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀, ni mo fẹ́. Ó wo fóònù rẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ní kí n fowó kún owó. Mo ní n kò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Ó tún pè é. Orí àga onírọ́bà ni mo wà títí oòrùn fi wọ̀, kò sẹ́ni tó fi omi lọ̀ mí.

Ariwo wa ló pe bàbá agbẹ́gi jáde láti ẹ̀yìn ilé. Wọ́n ní, "Máàkì fọ́ọ̀ ni ọmọ mi ń wá. Ṣé èyí tí ẹnu irin rẹ̀ yọ díẹ̀ jáde nínú igi?" Mo fò dìde. Òun gan-an ni, Lee-Enfield Number 4 tí wọ́n ń pè ní Máàkì fọ́ọ̀! Lee-Enfield ti ogun àgbáyé kìíní, ẹnu irin rẹ̀ bá igi dọ́gba; ti Number 4 ló yọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù ni kò ka ìyàtọ̀ yìí sí. Bàbá ní ọwọ́ ọlọ́pàá làwọn ti máa ń rí i nígbà tí àwọn wà léwe.

Igi ọmọ̀ ni Bàbá fi gbẹ́ ẹ. Mágásìnì kékeré olọ́ta mẹ́wàá wà níbi tó yẹ kó wà. Irin tí a fi ń há ilẹ̀kùn ni wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó ṣeé gbé sókè, ó ṣeé fà sẹ́yìn, ó ṣeé tì padà. Wọ́n wá kó àwọn òṣèré mi jọ: "Ẹ yìn ín, ẹ fà á, ẹ tì í, kí ẹ tó tún yìn ín. Ìbọn yìí kì í dún tatatata." Ibẹ̀ gan-an ni fíìmù ogun ti máa ń bàjẹ́: ẹni tó gbé Lee-Enfield á máa yìn ín léraléra láìfọwọ́ kan irin náà.

Wọ́n tún gbà mí níyànjú nílé ìyálò náà pé kí n gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí n tó kó ìbọn onígi gba títì. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ìwé yẹn gbà wá lójú ọ̀nà Oǹdó.

Ti ẹ̀rọ ohùn ni n kò lè gbójú fò. Ọmọ iṣẹ́ wọn ló wà nídìí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ eré. Mo ti sọ fún un pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí ìbọn máa dún. Bí òṣèré àkọ́kọ́ ṣe yìn ín báyìí, ohùn AK ló dún, ràràrà! Bàbá àgbà kan níwájú ń mi orí. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré parí, bàbá yẹn kan náà gba ìbọn lọ́wọ́ òṣèré, wọ́n yí i wò, wọ́n fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Èyí ni wọ́n gbé."

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má dúró nídìí káńtà. Ẹ gba ẹ̀yìn ilé lọ bá Bàbá, kí ẹ sì mú àwòrán ìbọn tí ẹ fẹ́ dání. Owó ìdógò mi ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá wọn.