Àwọn agbẹ́kànga àpáta tó ṣiṣẹ́ fún mi ní Ọ̀bà-Ilé

Ẹni tó bá kọ́lé sí ìhà ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀bà-Ilé mọ̀ pé iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kò jìn. Dígà á máa wọlẹ̀ wẹ́rẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa dún gbọ̀n-ìn lórí àpáta. Ọ̀pọ̀ agbẹ́kànga ní Àkúrẹ́ kì í gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ tèmi gbà á, wọ́n parí rẹ̀, omi sì wà níbẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Nítorí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọn ò yé béèrè wọn lọ́wọ́ mi ni mo ṣe ń kọ èyí.

Físíìsì ni mo fi kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ bá mi mójú kúrò tí mo bá ṣe àṣejù. Ara àwọn ará Japan tó gbẹ́ ihò Hyper-Kamiokande sínú òkè kan ní Kamioka ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fún agbẹ́lẹ̀ ní máàkì. Nǹkan bí mítà 600 àpáta ló wà lórí ihò náà; ó fẹ̀ tó mítà 69, ó sì ga tó mítà 94. Omi mímọ́ tọ́ọ̀nù 260,000 ni wọ́n fẹ́ rọ síbẹ̀ láti fi ṣọ́ neutrino, èérún kan tó jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń la ilẹ̀ ayé já láìkan nǹkan kan. Àpáta tó wà lókè ló ń dí àwọn ìtànṣán ojú sánmà tí ì bá máa da iṣẹ́ wọn rú. Àjà ihò náà, tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́. Ìyẹn parí ní oṣù Kẹwàá 2023, wọ́n wá ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele ìpele títí di oṣù Keje 2025. Bí wọ́n ti ń gbẹ́ ni wọ́n ń fi irin gígùn kan ògiri mọ́ àpáta, tí wọ́n ń fọ́n kọnkéré lù ú, tí wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n bóyá ó ń yẹ̀.

Lórí ògiri, máàkì kíkún ni mo fún àwọn tèmi. Wọ́n da ríìǹgì sí ibi iyẹ̀pẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan àpáta. Láràárọ̀, ọ̀gá wọn á sọ àtùpà títàn kalẹ̀. Bí ó bá kú, ẹnikẹ́ni ò ní wọlé. Lẹ́yìn náà ló máa fi òòlù gbá ògiri káàkiri, tó ń tẹ́tí sí i bóyá ibì kan ń dún bí òfìfo. Ẹnìkan ní kí wọ́n sun táyà lórí àpáta kó lè là, bí wọ́n ti ń ṣe níta gbangba. Ọ̀gá wọn kọ̀ jálẹ̀. Èéfín inú kànga kì í rí ọ̀nà jáde. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi ń fa omi pàápàá, ẹ̀yìn ilé lọ́hùn-ún ni wọ́n gbé e sí.

Mo fi fọ́tò ihò Kamioka hàn án lórí fóònù. Ó wò ó títí.

“Tíṣà, níbo ni wọ́n kó òkúta rẹ̀ sí?”

Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Mo sọ ti South Dakota ní Amẹ́ríkà fún un, níbi tí wọ́n gbẹ́ ihò DUNE, tí àwọn náà fẹ́ fi ṣọ́ neutrino, sínú ibi ìwakùsà góòlù àtijọ́, ó jìn ju mítà 1,400 lọ. Katakata wọn, ńṣe ni wọ́n tú u lókè, tí wọ́n lọ tò ó padà nísàlẹ̀. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 800,000 òkúta ni wọ́n fà gòkè kí wọ́n tó parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, kòtò gbàràmù tí àwọn awagóòlù fi sílẹ̀ ni wọ́n sì dà á sí.

Ó rẹ́rìn-ín. “Àwa ò ní kòtò, sà.”

Ibẹ̀ ni mo ti gé máàkì wọn. Ojú gọ́tà aládùúgbò mi ni wọ́n da òkúta sí, òjò kan ṣoṣo ló rọ̀ tí omi fi wọ pálọ̀ màmá náà. Èmi ni mo sanwó típà.

Iyán ni wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án, ẹ má wulẹ̀ fi gààrí lọ̀ wọ́n. Owó wọn, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n ń kà: ti iyẹ̀pẹ̀ lọ́tọ̀, ti àpáta lọ́tọ̀, ti àpáta sì wọ́n jù ú lọ jìnnà. Ilẹ̀ kan wà láàárín méjèèjì tó le, àmọ́ tí dígà ṣì ń wọ̀ ọ́. Owó àpáta ni wọ́n máa fẹ́ gbà lórí rẹ̀. Ẹ ti yanjú ìyẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi owó típà mọ́ àdéhùn.