Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mẹ́ta fún ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu: oníhò 36 la fọwọ́ sí

Kẹ̀kẹ́ eré tí ẹ̀ ń gùn lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Òun ló ń ru ẹni tó jókòó àti ẹrù tó so sẹ́yìn, òun náà ni ṣéènì ń fà. Eyín kásẹ́ẹ̀tì (àkójọ eyín tí ṣéènì ń wọ̀) tún ti gba àyè lápá ọ̀tún họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín ẹsẹ̀, nítorí náà sípóòkù ọ̀tún (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ láti họ́ọ̀bù dé etí ẹsẹ̀, rayon tiwa níbí) le gan-an, ti òsì kì í sì í sábà ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ tàbí díẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí a gbé yẹ̀ wò ni Shimano WH-R501, tí a máa ń rí lára kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ láti Yúróòpù. Họ́ọ̀bù rẹ̀ dára: ó ṣeé tú, ó ṣeé fi gíríìsì sí. Àmọ́ sípóòkù 20 péré ló wà níwájú, 24 lẹ́yìn. Lójú ọ̀dà tó tẹ́jú, kò burú. Bí ọ̀kan bá já nínú 24 yẹn lẹ́yìn Sákété, ríìmù (òbìrí tí táyà jókòó sí) á wọ́ débi pé á máa ha bíréèkì, ẹ óò sì fẹsẹ̀ rìn dé Pọ́bẹ̀. Ẹni tó ní in kó má jù ú nù o. Kó ṣáà má di àpò ìrẹsì mọ́ ọn lẹ́yìn.

Èkejì ni ríìmù ológiri kan (ìpele kan péré ló ní níbi tí sípóòkù ti wọ̀ ọ́) tó pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Kòtò kan tó jìn, ó ti tẹ̀. Èyí tó jẹ́ irin tó ń dán, bí òjò bá pa á, bíréèkì kì í mú un mọ́. Ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta la fọwọ́ sí: ríìmù Mavic A319 oníhò 36 (ihò kan fún sípóòkù kọ̀ọ̀kan) lórí họ́ọ̀bù Shimano Tiagra oníhò 36. Ògiri méjì ló ní, irin kékeré sì yí ihò kọ̀ọ̀kan ká kí nípù (nọ́ọ̀tì kékeré tó di sípóòkù mú mọ́ ríìmù) má bàa ya á. Ìbú inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 19, táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 28 tàbí 32 sì jókòó sí i dáadáa. Lórí òkúta pavé Àjàṣẹ́, táyà 23 ń fìyà jẹ èèyàn àti ríìmù pọ̀. Bí ẹ kò bá rí A319, èyíkéyìí ológiri méjì tí wọ́n kọ 622×17 tàbí 622×19 sí lára (ìwọ̀n ibi tí táyà jókòó sí àti ìbú inú, ní mílímítà), tó ní ihò 36, á ṣe é.

Sípóòkù ni kí ẹ má fi ṣeré. Ẹ ra èyí tó nípọn mílímítà 2.0 ní orí méjèèjì, tó sì jẹ́ 1.8 láàárín, bíi DT Swiss Competition, pẹ̀lú nípù idẹ. Àárín tó tínrín yẹn máa ń nà díẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá bọ́ sí kòtò, ọrùn tó tẹ̀ níbi họ́ọ̀bù kò sì ní jẹ gbogbo ìyà náà. Ọrùn yẹn ni sípóòkù ti ń já. Ọ̀pọ̀ rò pé wọ́n fún un jù ni; dídẹ̀ ló sábà ń pa á. Bó bá dẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí ló ń dẹ̀ tó ń le, títí àárẹ̀ á fi mú irin.

Ẹ ní kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe hun ún kí sípóòkù kọ̀ọ̀kan kọjá lára mẹ́ta kó tó dé ríìmù, kí ti ọ̀tún lẹ́yìn sì le tó kílò 100 sí 120. Bí kò bá ní ohun èlò tí a fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ fi ìka ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn kan náà ló yẹ kí gbogbo ti ọ̀tún fọ̀. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá wálẹ̀ ti dẹ̀. Etí tó mọ ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ní ṣì í gbọ́. Lẹ́yìn náà, kó di sípóòkù méjì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn mú, kó fún wọn pọ̀ gírígírí yí ẹsẹ̀ náà ká. Ẹ óò gbọ́ tí wọ́n ń dún pá, pá. Lẹ́yìn èyí ni kó tún un tò, kó máa yí nípù ní ìdá mẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan, kó má jù bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọn kò bá fún báyìí kì í pẹ́ wọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn àlàfo ẹ̀yìn férémù níbi tí ẹsẹ̀ ń wọ̀: Tiagra tó ń lo bíréèkì ríìmù ń fẹ́ mílímítà 130, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ mìíràn sì jẹ́ 126. Ẹ sá fún họ́ọ̀bù tí wọ́n ń lọ́ gbogbo eyín mọ́ lórí, ìyẹn roue libre. Bọ́ọ̀lù ọ̀tún rẹ̀ (irin róbótó tó ń jẹ́ kí họ́ọ̀bù yí) jìnnà sí férémù, ọ̀pá àárín rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́. Ti Tiagra wà ní ìta pátápátá. Bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án oní 1/4 ínṣì ló ń lò lápá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.

Erùpẹ̀ pupa Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ló ń jẹ ríìmù jù. Ó ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà bíréèkì, ó sì ń họ ríìmù lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa nù ún, pàápàá lẹ́yìn òjò. Ẹ fi etí rúlà lé ẹ̀gbẹ́ ríìmù: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín, ó ti jẹ, afẹ́fẹ́ táyà sì lè là á. Ríìmù nìkan ni ẹ óò pààrọ̀ nígbà náà. Bí tuntun bá jẹ́ irú kan náà, ẹ fi téèpù so ó mọ́ ti àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ihò dojú kọ ihò, kí ẹ wá máa ṣí sípóòkù bọ́ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.