Green Spot Mẹ́ta: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àgbá wáìnì ń ṣe fún wísíkì Írẹ́lándì, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgò tó wọ́n jù. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ojúlówó Green Spot wò, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí ara rẹ̀ ni wọ́n ti yọ àwọn méjì yòókù. Midleton, ní agbègbè Cork, ni wọ́n ti ń pọn ọ́n fún Mitchell & Son, oníṣòwò wáìnì tó ti wà ní Dublin láti ọdún 1805. Wọ́n ń lo ọkà báálì tí wọ́n rẹ títí tó fi hù pẹ̀lú èyí tí wọn kò rẹ rárá, èyí kejì yìí ló sì ń mú kí ọtí náà ki, tó fi ń bo ahọ́n bí òróró.

Green Spot kejì ni Léoville Barton, tó jáde ní ọdún 2015, tí wọ́n fi orúkọ ilé wáìnì ìdílé Barton ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, pè. Wọ́n tú u sínú àgbá tó ti gba wáìnì pupa ilé náà rí, níbi tó ti ń lo oṣù 12 sí 24 kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Ọmọ Írẹ́lándì ni ìdílé Barton ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà àgbá yìí kì í ṣe àjèjì sí ọtí náà. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, èso pupa àti fànílà ló máa kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì, kànáfùrù á ta ẹnu díẹ̀, ahọ́n á sì gbẹ bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tán. Gbígbẹ yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù, torí kò jẹ́ kí adùn rẹ̀ sú ni.

Ẹ̀kẹta ni ti Chateau Montelena, ilé wáìnì kan ní Napa ní Kalifọ́níà. Ó jáde ní ọdún 2017, ó sì lo ọdún kan nínú àgbá tó ti gba Zinfandel, wáìnì pupa ilé náà, rí. Wáìnì funfun ilé yìí ló gba ipò kìíní nínú ìdíje ìtọ́wò wáìnì kan ní Paris ní ọdún 1976, ṣùgbọ́n àgbá wáìnì pupa wọn ni wọ́n lò níhìn-ín. Wísíkì yìí rọ̀ ju Léoville Barton lọ, ó sì dùn jù ú lọ.

Ìdá 46 ni agbára àwọn méjèèjì, ìyẹn sì lè bo adùn tí àgbá wáìnì fún wọn mọ́lẹ̀. Ẹ da iye kan náà sínú ife mẹ́ta tí ẹnu wọn há, ẹ gbóòórùn wọn kí ẹ tó mu wọ́n, lẹ́yìn náà ẹ kán omi díẹ̀ sí àwọn méjèèjì tó lágbára jù. Ẹ má ṣe fi àwọ̀ wọn ṣe ìdájọ́, torí òfin Írẹ́lándì gba kí wọ́n fi kárámẹ́ẹ̀lì pa wísíkì láró.

Ẹni tó bá fẹ́ràn wáìnì pupa tó ń gbẹ ẹnu, kó ra Léoville Barton. Ẹni tó bá fẹ́ adùn, kó mú Montelena. Ẹni tí kò bá tíì mu Green Spot rí, kó ra ojúlówó rẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù ná.